Ìbọ̀wọ́ Tí Wọ́n Kà sí Oge

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni Ìyá Oníwọ̀n gbé àpò rẹ̀ wọ ilé Télọ̀, ó sì bá ohun tó ba ọjọ́ náà jẹ́ fún un lára ògiri. Bébà kan ni, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ kàlẹ́ńdà. Nọ́ọ̀sì ló kọ ọ́: ìbọ̀wọ́ páálí méjì, òwú ńlá kan, bíléèdì mẹ́ta, ọ̀rá fífẹ̀ tí wọn ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì, oògùn apakòkòrò gálọ́ọ̀nù kan, abẹ́rẹ́ márùn-ún, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì rẹ̀. Ọmọ Télọ̀ obìnrin ti bímọ ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú. Gbogbo ohun tó wà nínú bébà yẹn, ilé Télọ̀ ló rà á lọ sílé ìwòsàn ìjọba.

"Tọ́ọ̀ṣì kẹ̀?" Ìyá Oníwọ̀n bi ìyá ọmọ tuntun. "Kí ni wọ́n fẹ́ fi tọ́ọ̀ṣì ṣe?"

"Kí wọ́n lè rí ọmọ tó ń bọ̀ ni, mà. Iná ò sí."

"Ṣé wọ́n dá a padà fún yín?"

Télọ̀ ló dáhùn láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. "Wọ́n ní ká fi sílẹ̀ fún ẹni tó kàn. Ọkọ ẹni tó kàn wá ń bi mí pé ṣé bátìrì tuntun ni mo fi sí i."

Ìyá Oníwọ̀n ò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó, ó ṣí ìwé nọ́ńbà rẹ̀, èyí tó fún gbogbo ohun tí èèyàn lè rà ní nọ́ńbà, ó fi ìka wá ibi tí ìbọ̀wọ́ máa ń wà, ìka náà sì dúró síbẹ̀. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó kọ ohunkóhun. Ìyàwó Télọ̀ rò pé òtútù ló ń mú un, ó lọ ti fèrèsé.

Iṣẹ́ Ìyá Oníwọ̀n ni láti máa béèrè ohun tí èèyàn jẹ. Ọ́fíìsì Ìṣirò ti ìjọba ló gbà á síṣẹ́, ó ti lé ní ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Àwọn ilé kan wà tí wọ́n yàn fún un káàkiri ìlú. Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, fún ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ilé kọ̀ọ̀kan á máa kọ gbogbo ohun tó rà, tó jẹ, tó wọ̀ àti èyí tó lò sínú ìwé kan. Bí wọ́n bá ní àwọn se ẹ̀wà, á yọ ìwọ̀n onísípíríǹgì jáde nínú àpò, á fi ìkọ́ rẹ̀ gbé ẹ̀wà tó ṣẹ́kù, á yọ ọ́ kúrò nínú iye tó wọ̀n lánàá. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn ọmọdé àdúgbò kan tilẹ̀ gbà pé òun ló ń wọn àwọn tó fẹ́ wọṣẹ́ ọlọ́pàá.

Ìwé tí àwọn onílé ń kọ, ewé méjì méjì ni, kábọ̀n wà láàárín. Ewé funfun ń lọ sí ọ́fíìsì. Ewé yẹ́lò ń kù sọ́wọ́ onílé. Ọ̀rọ̀ yẹ́lò yẹn ṣì ń bọ̀.

Ilé Télọ̀ ló pẹ́ jù nínú àwọn ilé rẹ̀, ọdún mẹ́rìnlélógún. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ débẹ̀, ìyàwó Télọ̀ rò pé agbowó-orí ni, ó ti àpò ìrẹsì sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó sì lọ jókòó lé bẹ́ẹ̀dì náà bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn. Nígbà tí wọ́n di ojúlùmọ̀ tán, òun gan-an ló ń ránṣẹ́ pè é: "Ẹ wá wọn tiwa o, kí wọ́n má lọ sọ níbẹ̀ pé a ò jẹun lọ́dún yìí."

Ibi tí gbogbo wíwọ̀n yìí ń lọ ni àtẹ ńlá kan tí Ọ́fíìsì Ìṣirò ń tò lọ́dọọdún. Ohun tí orílẹ̀-èdè bá lò tán lọ́dún kan, ìlà ńlá méjì ni wọ́n máa ń pín in sí. Ìlà kan ni ohun tí àwọn ará ilé fi owó ara wọn rà: oúnjẹ, aṣọ, ọṣẹ, owó ọkọ̀. Ìlà kejì ni ohun tí ìjọba ná nítorí gbogbo èèyàn: owó oṣù tíṣà, oògùn ilé ìwòsàn, iná ojú títì. Lọ́dún yìí wọ́n fẹ́ to ti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n pọ̀ sójú kan, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ bí ìwé. Nínú gbogbo ọgọ́rùn-ún tí orílẹ̀-èdè ná ní ọdún tó ṣíwájú nínú àtẹ náà, ìjọba ná mọ́kànlélógún. Ní ọdún tó kẹ́yìn, ó ná méjìlá. Ti àwọn ará ilé kúrò ní ọgọ́ta, ó di márùndínlọ́gọ́rin. Ìyókù jẹ́ owó ilé kíkọ́ àti ẹ̀rọ, tí kò sí nínú ìlà méjèèjì.

Wọn ò tíì tẹ ìwé náà rárá tí mínísítà kan ti fi sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ó ní ìjọba ń ṣọ́wó ná, àwọn aráàlú sì ń jayé orí wọn. Ó wá mú ìlà kékeré kan fi ṣe ẹ̀rí, èyí tó ń jẹ́ nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta: ìtọ́jú ara àti oge. Ìlà yẹn ti lọ sókè ní ìlọ́po mẹ́rin. "Ẹni tébi ń pa kì í ra pàùdá," bó ṣe wí nìyẹn. Ìwé ìròyìn tí mò ń bá ṣiṣẹ́ gbé e sí ojú ewé kẹta, wọ́n fi àwòrán obìnrin tó ń wo dígí sí i. Kò sẹ́ni tó béèrè nínú wa pé irú oge wo ni.

Ìyá Oníwọ̀n mọ irú oge tó jẹ́. Òun ló dá a sílẹ̀.

Ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, ó dé ilé kan tí wọ́n ti sọ fún un pé àwọn ra ìbọ̀wọ́ lọ sílé ìwòsàn, ẹyọ kan péré, nọ́ọ̀sì fẹ́ wọ̀ ọ́ di ojú ọgbẹ́ ọmọ wọn. Ó wá ìbọ̀wọ́ nínú ìwé nọ́ńbà, kò rí i. Ẹni tó kọ ìwé nọ́ńbà ò mọ̀ pé aráàlú yóò máa ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ láyé. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó rà á. Ó bi ọ̀gá tó wà ní ọ́fíìsì nígbà yẹn. Ọ̀gá ní kó lo ọpọlọ rẹ̀. Ó lò ó. Ọwọ́ ni wọ́n ń ki ìbọ̀wọ́ bọ̀, ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísìtì ni wọ́n sì ti rà á, níbi tí wọ́n ti ń ta pòmédì àti lọ́fínńdà. Ó kọ ọ́ sí nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta. Nígbà ìpàdé òpin oṣù, ó sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, oníkálùkù fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sétí ìwé tirẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ẹni tó bá ń kọ́ èèyàn tuntun níṣẹ́ ń kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òwú dé, wọ́n kó o mọ́ ìbọ̀wọ́. Nígbà tí ọ̀rá dé, wọ́n kó o mọ́ òwú.

Mo bi í pé kí ló dé tó fi tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kó tó rí i. Mo rò pé inú á bí i. Ó ní, "Òjò ńlá lèèyàn ń sá fún. Èyí tó ń kán tó, tó, tó, abẹ́ rẹ̀ la máa wà tí aṣọ á fi tutù tán."

Bébà ara ògiri ilé Télọ̀ ni òjò ńlá tirẹ̀. Kò rí i tí wọ́n to gbogbo rẹ̀ sójú kan báyẹn rí. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì. Ìwé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ń lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé lọ́jọ́ Ẹtì. Bí ìlà yẹn bá wọ inú ìwé bẹ́ẹ̀, àṣìṣe rẹ̀ ni wọ́n máa fi bú àwọn èèyàn tó ti ń wọn ẹ̀wà wọn láti ọjọ́ yìí, pé wọ́n ń ṣoge. Kò lọ sí ilé tó kàn. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Àjà kẹta ni Ọ̀gá Ẹ̀ka tó ń to àtẹ náà wà. Ọkùnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún ni. Ọdún méjì ló fi gbé ìwọ̀n tẹ̀lé Ìyá Oníwọ̀n nígbà tó wọṣẹ́, kó tó lọ gba oyè kejì ní yunifásítì. Títí di báyìí, kò lè pè é lórúkọ mìíràn ju Màmá lọ.

"Màmá, ẹ jókòó. Wọ́n ní ẹ ti ń wá mi láti ìsàlẹ̀."

"Nọ́ńbà mẹ́tàdínláàádọ́ta ò dáa."

"Kò dáa báwo?"

"Ìbọ̀wọ́ ilé ìwòsàn ló kún inú rẹ̀. Àti òwú, àti ọ̀rá. Kì í ṣe pàùdá."

Ọ̀gá Ẹ̀ka rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ibẹ̀ ni kí n máa kọ ọ́ sí o."

"Èmi ni. Mo wá sọ fún ẹ pé àṣìṣe ni mo kọ́ ẹ."

Ẹ̀rín yẹn lọ. Ó ní tí àwọn bá fọwọ́ kan ìlà kan, gbogbo àròpọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ á yẹ̀, àwọn á sì ní láti tún un ṣe padà sẹ́yìn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. "Ta ló máa ṣe é? Ẹ̀yin ń lọ ní ìparí oṣù."

"Mi ò ní kó o yí iye kankan padà. Àkíyèsí kan ni mo fẹ́ nísàlẹ̀ àtẹ. Ìlà kan ṣoṣo."

"Kí ló máa sọ?"

"Pé kì í ṣe oge. Pé ohun tí ilé ìwòsàn ń fún èèyàn tẹ́lẹ̀ ni, tí èèyàn wá ń rà fúnra rẹ̀. Ẹrù kan náà ni, ọmọ mi. Ẹnì kan sọ ọ́ kalẹ̀, ẹlòmíràn gbé e rù, ẹ wá ń kí ẹni tó gbé e pé ọrùn rẹ̀ yi."

"Mínísítà ti sọ̀rọ̀, Màmá."

"Mo gbọ́ ọ. Ṣé òun ló ń wọn ẹ̀wà ni?"

Ọ̀gá Ẹ̀ka kó àwọn fáìlì tó wà níwájú rẹ̀ sápá kan. Ó wá ní àkíyèsí ò lè wọ ìwé láìsí ẹ̀rí. Inú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà àti iye nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n kọ "ìbọ̀wọ́" sí. Kó mú àkọsílẹ̀ ilé kan wá, ilé kan náà, ilé ìwòsàn kan náà, tó fi ìgbà tí wọ́n ń fún wọn àti ìgbà tí wọ́n ń rà á hàn. Kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ọjọ́bọ̀.

Mi ò mọ̀ títí di òní bóyá ṣe ló fẹ́ ràn án lọ́wọ́ tàbí ó kàn fẹ́ kó kúrò lọ́fíìsì òun. Mo bi í. Ó ní méjèèjì.

Ewé funfun yẹ kó wà ní sítọ́ọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé náà. Baba Onísítọ́ọ̀ ṣílẹ̀kùn fún un, ó tan iná, ó sì dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó mú èèyàn wá sójú oórì. Ìdajì pẹpẹ ló ṣófo.

"Èyí tó ju ọdún mẹ́wàá lọ dà?"

"Àjà ń jò, Màmá. Òjò ti kà á ṣáájú yín. Nígbà tó yá, a kó o jáde, a dáná sun ún."

"Ẹ ò kọ̀wé pé àjà ń jò?"

"Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà. Wọ́n ní owó àtúnṣe ò sí lọ́dún náà. Èyí tí mo kọ kẹ́yìn gan-an, inú sítọ́ọ̀ yìí ni wọ́n fáìlì ẹ̀ sí. Ó bá àwọn tó kù jóná."

Bó ṣe délé lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọkọ rẹ̀ ní ọdún mẹ́sàn-án tó kẹ́yìn iṣẹ́ òun, òun lòun ń ra ṣọ́ọ̀kì tí òun fi ń kọ́ ọmọ ìjọba. "Nọ́ńbà wo lẹ kọ tèmi sí? Àbí ẹ ní mo fi ṣọ́ọ̀kì pa ojú ni?" Ìyá Oníwọ̀n mọ nọ́ńbà tó ń kọ ṣọ́ọ̀kì àwọn tíṣà sí: ìgbádùn àti eré ìdárayá, nítorí pé ibẹ̀ ni bébà àti pẹ́ńsù ìyàwòrán wà. Ẹ̀rù bà á láti ronú síwájú. Ìbọ̀wọ́ nìkan ló lè gbé lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́rú, ó padà sílé Télọ̀.

"Yẹ́lò?" ni Télọ̀ wí. "Mo ní in dáadáa. Gbogbo rẹ̀ ló wà lókè yẹn."

Ó fi ẹnu tọ́ka sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn pátáànì rẹ̀ ló so rọ̀ sórí ìṣó níbẹ̀, èyí tó fi ń gé aṣọ: apá ẹ̀wù, ọrùn, àpò, itan ṣòkòtò. Láti gbogbo ọdún yìí wá ni Télọ̀ ti ń fi sítáàṣì lẹ ewé yẹ́lò méjì mẹ́ta pọ̀, tó ń gé e ní pátáànì. Ó ní bébà náà yi, kì í ya bọ̀rọ̀, kì í sì í ká léti. "Ká má parọ́, ìjọba mọ bébà á yàn."

Ìyá Oníwọ̀n jókòó sórí àga tí àwọn oníbàárà ń lò. Ìyàwó Télọ̀ ló kọ́kọ́ dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já pátáànì kúrò lórí ìṣó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n sílẹ̀. Wọ́n ń kà wọ́n. Ìrẹsì kílò méjì wà lára itan ṣòkòtò. Ọdún tí ẹ̀rọ omi ìjọba gbẹ wà lára àpò àyà: omi gálọ́ọ̀nù mẹ́fà, omi gálọ́ọ̀nù mẹ́fà, omi gálọ́ọ̀nù mẹ́fà, títí dé ìsàlẹ̀ àpò. Oníbàárà kan wọlé wá béèrè ṣòkòtò rẹ̀, ó bá àwọn àgbàlagbà mẹ́ta lórí ìkúnlẹ̀.

"Télọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ ni àbí ọ̀rọ̀ ló ń wá yín?"

"Ṣòkòtò ẹ là ń kà," Télọ̀ ní. "Tó bá gùn, a ó pè ẹ́."

Apá òsì ẹ̀wù ọkùnrin ńlá ni wọ́n ti rí i. Ọdún kìíní ilé náà lórí àkọsílẹ̀ ni, ọ̀sẹ̀ tí ìyàwó Télọ̀ bí ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni tó wà nínú yàrá báyìí tó ń fọ́mọ lọ́mú. Ọṣẹ ìfọṣọ, ọ̀kan. Owó ọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, lílọ bíbọ̀. Ní ibi tí wọn ń kọ àlàyé sí, Ìyá Oníwọ̀n fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́, nígbà tí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì tọ́: "Ìbímọ. Wọn ò ra nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ló pè". Sísọ́ọ̀sì ti gba ibẹ̀ kọjá. Ìyókù ọ̀rọ̀ náà àti déètì wà lára ibi tí Télọ̀ gé kúrò.

Wákàtí méjì ni wọ́n fi wá a. Wọ́n tú àpótí bọ́tìnnì, wọ́n wo abẹ́ tábìlì. Ìyá ọmọ tuntun ló rí i níkẹyìn nígbà tó jáde wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: ó ti di kọ́là ẹ̀wù ọmọdé, ìṣó kan lẹ́nu ọ̀nà yàrá ni wọ́n so ó kọ́ sí mọ́ àwọn pátáànì aṣọ ilé ìwé. "sè ohun gbogbo", bó ṣe kà nìyẹn, àti déètì. Ìyá Oníwọ̀n fi pín-ìnnì so kọ́là mọ́ apá, ó fi ewé tuntun, ti ọ̀sẹ̀ tí ọmọ yẹn bí tirẹ̀, tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá kan, ọmọ kan, wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí kan náà. Ọṣẹ kan níbí, ìlà méje lọ́hùn-ún.

"Ẹ̀ ń mú apá ẹ̀wù mi lọ," Télọ̀ ní. "Títí di ìgbà wo? Apá kan ò tó èèyàn wọ̀."

"Ọjọ́ Ẹtì ni màá dá a padà."

Ní aago mẹ́ta ku díẹ̀ lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀, ó tẹ́ apá ẹ̀wù sórí tábìlì Ọ̀gá Ẹ̀ka. Ọ̀gá Ẹ̀ka rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá kà á. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó ń fi ìka tẹ̀lé ibi tí pín-ìnnì wà. Ó ní ìyàwó òun náà bímọ lọ́dún tó kọjá, páálí mẹ́ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun.

"Nọ́ńbà wo lo kọ ọ́ sí?"

"Ilé mi ò sí lórí àkọsílẹ̀, Màmá."

Ó gbà kí àkíyèsí wọlé. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ló wá di wàhálà. Ìyá Oníwọ̀n ti kọ tirẹ̀ sínú bébà kan: "Ohun tí ìjọba ń pèsè nílé ìwòsàn tẹ́lẹ̀, tí aráàlú wá ń fi owó ara wọn rà, ló pọ̀ jù nínú ìlà yìí, kì í ṣe oge." Ọ̀gá Ẹ̀ka mú bíírò. Ó ní "kì í ṣe oge" dà bí ìjà. Ó fagi lé e. Ó ní ilé kan ò lè fi "ló pọ̀ jù" hàn. Ó fagi lé e. Nígbà tó dé ibi tí "ìjọba" wà, ó dúró, ó ní òun ṣì ní ọmọ tí òun ń tọ́, ó sì fagi lé ìyẹn náà. Ó tún ìyókù kọ báyìí: "Àwọn ohun èlò ìtọ́jú kan wà nínú ìlà yìí."

"Kò sọ nǹkan kan báyẹn," Ìyá Oníwọ̀n ní.

"Ó sọ nǹkan, Màmá. Ẹni tó bá mọ̀ á mọ̀."

"Ẹni tó bá mọ̀ ò nílò rẹ̀."

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá Oníwọ̀n fọwọ́ sí i.

Nígbà tó na ọwọ́ sí apá ẹ̀wù, Ọ̀gá Ẹ̀ka fi ọwọ́ bò ó. Ó ní ẹ̀rí àkíyèsí ni, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ wà nínú fáìlì fún ogún ọdún. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ apá, ó lu òmíràn mọ́ kọ́là. Òfin ni. Ọ́fíìsì tó jẹ́ kí òjò ka ewé funfun tirẹ̀ ló wá ń ṣọ́ yẹ́lò Télọ̀ báyẹn.

Ìwé náà jáde ní oṣù méjì lẹ́yìn tí Ìyá Oníwọ̀n fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún un ní ẹ̀dà kan. Ojú ewé igba ó lé méjìlá ni àkíyèsí rẹ̀ wà, lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ẹyin èèrà. Àkópọ̀ ọ̀rọ̀ tó wà níwájú ìwé, èyí tí gbogbo èèyàn ń kà, kò yí padà: ìjọba ń ṣọ́wó ná, àwọn ará ilé ń ná sí i, oge ti di ìlọ́po mẹ́rin. Mínísítà tún un sọ lórí rédíò. Mo gbé àkíyèsí náà lọ bá olóòtú wa. Ó kà á, ó bi mí pé ọ̀rọ̀ mélòó ni. Mo ní mẹ́sàn-án. Ó ní ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án kì í ṣe ìròyìn. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí náà pẹ̀lú, torí mi ò fẹ́ gba ọ̀rọ̀ gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan. Ó ní páálí ìbọ̀wọ́ tí wọ́n ń fún àwọn fún oṣù mẹ́ta ń tán ní ọjọ́ mẹ́fà. Ìyẹn náà ò wọ ìwé ìròyìn.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ó bá a lóòótọ́. Wọ́n wá fún un ní àyè nísàlẹ̀ ojú ewé igba ó lé méjìlá.

Ọjọ́ tí mo tẹ̀lé Ìyá Oníwọ̀n lọ sílé Télọ̀ gbẹ̀yìn, ó fẹ́ lọ sọ fún un pé apá ẹ̀wù ò ní í padà wá mọ́. Ó gbé ìwé ńlá náà dání bí ẹni tó ń gbé owó ìtanràn lọ. Télọ̀ gbọ́ ọ tán.

"Ogún ọdún?"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí."

"Kò burú. Ìjọba gba omi, ó gba ìbọ̀wọ́, ó gba tọ́ọ̀ṣì mi, ó wá gba apá ẹ̀wù mi mọ́ ọn. Ó ku kó wá gba ẹni tó máa wọ̀ ọ́." Ó gbá ìwé náà mú, ó fi àtàǹpàkò ra ojú ewé rẹ̀ wò. "Èyí ń dán jù. Ṣọ́ọ̀kì ò lè mú un."

Arọ́pò Ìyá Oníwọ̀n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, tó ti kúnlẹ̀ kí gbogbo ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó jókòó ti ìyá ọmọ, ó ń kọ ohun tí wọ́n rà lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá ọmọ ní àwọn gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ní kí àwọn mú ìbọ̀wọ́ méjì àti òwú dání. Arọ́pò ṣí ìwé nọ́ńbà. Etí ìwé náà ti kún fún pẹ́ńsù àwọn tó ti lò ó ṣáájú. Ó kọ mẹ́rin tó bẹ̀rẹ̀ mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó fẹ́ kọ méje.

"Jọ̀ọ́, má kọ ọ́," ni Ìyá Oníwọ̀n wí.

Òfin iṣẹ́ náà ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá sí ohun tí akọ̀wé ń kọ. Òun ló kọ́ wọn lófin yẹn pẹ̀lú. Arọ́pò gbé orí sókè.

"Kí n kọ nọ́ńbà wo, mà?"

Ìyá Oníwọ̀n gba ìwé nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún ṣí i padà, bí ẹni tí kò kà á fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ó mú bíírò Télọ̀ lórí tábìlì, ó fi fa ìlà gba orí ìbọ̀wọ́ tí ẹnì kan fi pẹ́ńsù kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tàdínláàádọ́ta kọjá. Kò rí ibòmíràn kọ ọ́ sí.

"Kọ orúkọ rẹ̀ gan-an," ló wí. "Kọ 'ìbọ̀wọ́ tí ilé ìwòsàn ní ká rà.' Fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ lófo."

"Kọ̀ǹpútà ò ní gbà á, mà. Ṣe ló máa dá a padà."

"Jẹ́ kó dá a padà. Tó bá dá a padà, ẹnì kan á ní láti pè ẹ́, á béèrè kí ló dé. Kó o wá sọ fún un."

"Tí wọ́n bá ní kí n lo ọpọlọ mi ńkọ́, mà?"

Ìyá Oníwọ̀n dá bíírò padà sórí tábìlì. Arọ́pò ṣe díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún béèrè, lẹ́yìn náà ó kọ ọ̀rọ̀ náà gbọọrọ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pè é fún un, ó fagi lé mẹ́rin, ó fi àyè nọ́ńbà sílẹ̀ lófo, ó fa ewé funfun ya sínú àpò rẹ̀. Télọ̀ ti na ọwọ́ sí yẹ́lò.